Ọmọ Mi Kì í Sunkún Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn bí ọmọ mi ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹnikẹ́ni ò jí i gbé o. Àdúrà ni wọ́n fi gbà á.

Nílẹ̀ àjò tí wọ́n ti ń sọ Faransé yìí, Williamsville là ń gbé, aṣọ ọmọdé ni mo ń tà lọ́jà Adjamé. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti ń jáde. Ta ni kí n fi Rìsí tì, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta? Obìnrin kan ládùúgbò ń gbọmọ tọ́jú, gardérì la ń pe irú ilé ìtọ́jú ọmọ bẹ́ẹ̀. Yàrá kan, fèrèsé kan, tẹlifíṣọ̀n tí kì í kú, ọmọ sì pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ ẹnì kan ká lọ.

Lọ́jọ́ kan tí ọjà ò tà, mo tètè lọ mú un. Mo bá a nídìí ògiri, ìtọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ó rí mi, kò dìde. Obìnrin yẹn wá ń yìn ín fún mi: “Elle est sage, hein!” Ó ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í sunkún.

Rìsí tèmi? Rìsí tó máa ń ké títí aládùúgbò á fi wá kanlẹ̀kùn? Ọmọ tí kò sunkún mọ́, ṣé kì í ṣe pé ó ti sunkún títí tí kò rẹ́ni dá a lóhùn? Ó dùn mí dé egungun.

Mo mú un kúrò níbẹ̀. Èyí tó dáa wà ní Cocody, àmọ́ ti àwọn olówó ni. Ni mo bá rántí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan là ń lò ó. Tí a bá gba obìnrin méjì tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ síbẹ̀, tí a wá ohun ìṣeré sí i, ṣé ọkàn gbogbo àwa ìyá ọlọ́jà ò ní balẹ̀?

Mo kúnlẹ̀ síwájú àwọn bàbá nípàdé, mo rò ó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán. Bàbá Alága yìn mí gan-an, inú mi sì dùn. Èmi ò mọ̀ pé ìyìn yẹn ni gbogbo ohun tí n óò rí gbà.

Wọ́n ní kápẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn ṣì tuntun, ọmọ á tọ̀ sí i. Wọ́n ní ìyá ọkọ mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ta ló tọ́ gbogbo àwọn, bí kì í bá ṣe ìyá àgbà? “Ìyá Rìsí, ẹ gbọ́mọ lọ sílé. Ilé ni gardérì tiwa.”

Kí n tó lanu, ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀, ó ń dúpẹ́. Wọ́n gbàdúrà, gbogbo wa ṣàmín. Èmi náà ṣàmín. Ta ló máa kọ àmín lójú àgbà?

Bí a ṣe jáde, Ìyá Wásíù tí ìsọ̀ wa jọ kángun síra fà mí lọ́wọ́. “Àbúrò mi, laisse tomber, fi í sílẹ̀. Ilé ni tèmi náà wà.”

Bí Rìsí ṣe bá èrò lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi nìyẹn. Tí mo bá pè é lórí fóònù, bó ṣe máa ń wo tẹlifíṣọ̀n ló ń wò mí. Lánàá, ìyá ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bí ọmọ jẹ́jẹ́. Wọ́n ní látìgbà tó ti dé, àwọn ò gbọ́ ẹkún rẹ̀ rí.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀? Kóhùn tọkọtìyàwó ṣọ̀kan nílé kí wọ́n tó gbé ọ̀rọ̀ ọmọ lọ síta. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, mi ò gbà pé ìyẹn ì bá yí nǹkan padà. Gbọ̀ngàn ṣì wà ní títì láti Mọ́ńdè dé Sátidé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbà lọ sọ́jà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọmọ ránṣẹ́ sílé rí, ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Nígbà tí wọ́n padà dé, ṣé wọ́n dá yín mọ̀?