Ẹni Tí Àrokò Rẹ̀ Kò Tíì Délé

Ẹni tó bá fẹ́ pe èyí ní irọ́, kó máa pè é bẹ́ẹ̀, n kò ní bá a jà. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú ganrínganrín, ojú ò sì dùn mí. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Igbó-Ọrà níbí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀ àti òkú, n kì í ṣe ẹni tí òjìji igi ń lé sáré.

Bàbá Ìbejì ló kó mi sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé Bàbá Ìbejì wo, torí bí ẹ bá pe orúkọ yẹn ní ọjà wa, ọkùnrin mẹ́wàá ló máa wẹ̀yìn. Èyí tí mò ń wí yìí, tíṣà ni, ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama. Ó ní òun fẹ́ kí a fi ogun Ìjàyè ṣe eré fún àwọn ará ìlú. Kì í ṣe ti àwọn jagunjagun tí gbogbo ayé ń ṣe o, ti àwọn tí ìbọn bà ni: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn, àti bí wọ́n ṣe ń ránṣẹ́ sílé.

"Àrokò ni tẹligíráàmù ayé ìgbà yẹn, Nọ́ọ̀sì," ló wí fún mi. "Ẹ ò rí i pé àwọn baba wa ò gọ̀."

Èmi ló fi ṣe ẹni tó ń tọ́jú ọgbẹ́. Ó ní ta ni òun tún fẹ́ wá lọ nígbà tí nọ́ọ̀sì wà nílẹ̀?

Pápá kan lẹ́bàá ọ̀nà Lánlátẹ̀ la ti ṣe é. A fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àtíbàbà, a gbé omi kaná, a to òrí àti aṣọ tí a ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ sílẹ̀. Zóbò ni ẹ̀jẹ̀ wa. Mo sọ fún wọn kí wọ́n má fi ata ilẹ̀ sí i, wọn ò gbọ́. Gbogbo àwọn tó gbọgbẹ́ wá ń rùn bí ẹni tó ń ti ibi ìkómọ bọ̀.

Eré náà kò ṣòro. Bí wọ́n bá gbé ẹnì kan dé, màá fọ ojú ọgbẹ́ rẹ̀, màá fi òrí sí i, màá dì í. Òun náà á wá bi mí pé, ṣé àrokò òun ti délé? Owó ẹyọ méjì tí wọ́n dojú wọn kọra, tí wọ́n so ìyẹ́ ẹyẹ mọ́, ni àrokò ọ̀hún. Ohun tó ń wí ni pé ojú yín ni mo fẹ́ rí, ẹ tètè wá. Èmi á sì dáhùn pé, "Ó ti délé. Wọ́n ń bọ̀ wá gbé ọ." Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Ìbejì kọ́ mi nìyẹn, mo sì wí i títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu.

Mẹ́ta ni wọ́n gbé wá. Ràṣídì ọlọ́kadà ló kẹ́yìn wọn, ó ń ké bí ẹni tó ń rọbí, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé a ti parí.

Ni ẹnì kan bá jáde látinú igbó ẹ̀yìn mi.

Kì í ṣe apá ibi tí èrò wà ló ti wá o. Ó ń dá rìn bọ̀, ó fi ọwọ́ di itan mú. Ọmọkùnrin ni, kò lè tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Mo ní lọ́kàn mi pé Bàbá Ìbejì yìí náà, ó tún ti fi ẹnì kan kún un láìsọ fún mi. Ó jókòó síwájú mi, mo sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí itan.

Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí òórùn ata ilẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ tòótọ́, tó ń tú jáde bí ọkàn ṣe ń lù. Mo mọ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í fúnni láyè. Mo fi aṣọ tẹ̀ ẹ́, ó rin gbindin. Mo fi òmíràn lé e, mo fi gbogbo ara mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà gbóná, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tutù bí omi àmù.

Mo já ewé kan tí gbogbo wa fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lóko, èyí tí àwọn àgbà sọ ní orúkọ olóṣèlú. Mo ń ra á lọ́wọ́. Ó wò ó.

"Ìyá, ewé wo nìyí?" Ohùn rẹ̀ kò ju afẹ́fẹ́ lọ. "A ò ní in."

Mo kígbe pé kí wọ́n gbé mọ́tò wá, pé ẹni yìí ń kú lọ. Èrò pàtẹ́wọ́. Wọ́n na fóònù sókè. Mo ní kì í ṣe eré mọ́, mo fi Ọlọ́run búra fún wọn, ni wọ́n bá túbọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Bàbá Ìbejì gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ní, "Ẹ wo ohun tí ojú àwọn ìyá wa rí." N kò lè gbé ọwọ́ kúrò kí n sáré lọ bá wọn, torí bí mo bá gbé e, ọmọ yìí kú nìyẹn.

Ó fà mí lápá.

"Ṣé àrokò mi ti délé?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi ló dáhùn, n kò tíì rò ó. "Ó ti délé. Wọ́n ń bọ̀ wá gbé ọ."

"Ṣé ìyá mi ló gbà á?"

Èyí kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi. Kí ni ẹ fẹ́ kí n wí fún ẹni tó ń kú? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti fẹ́ máa lọ tẹ́lẹ̀," ló wí, "ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá ń bọ̀, n ó dúró dè é."

Mo yíjú pe Ràṣídì pé kó gbé ọ̀kadà rẹ̀ wá. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, kò sẹ́nì kankan. Ilẹ̀ lásán ni mo ń tẹ̀. Ọwọ́ mi gbẹ, aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbẹ.

Bàbá Ìbejì wá bọ̀ mí lọ́wọ́. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣe é débi pé ó kù díẹ̀ kí a rí ẹni tí ẹ ń tọ́jú." Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí fún un, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Òun ló sọ fún mi pé ewé tí mo já yẹn, kò tíì dé ilẹ̀ wa rárá láyé ogun Ìjàyè.

Ì bá parí síbẹ̀ ni. Ọ̀nà yẹn ni mò ń gbà nígbà tí wọ́n bá rán mi lọ fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Lánlátẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn máa ń jókòó sí ìdí igi kan lẹ́bàá pápá náà, ọwọ́ lórí itan, ojú lójú ọ̀nà. Ràṣídì tó ń gbé mi kì í rí i. Mo lọ bá àfáà wa. Wọ́n ṣe àdúà, wọ́n ní àfi kí èmi tí mo ní kó máa retí lọ sọ òtítọ́ fún un.

Mo lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó nawọ́ sí eruku ọ̀kadà kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní, "Ìyá, ṣé àwọn nìyẹn?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi? Mo sunkún, mo padà sórí ọ̀kadà. Mo tún ti lọ lẹ́yìn náà, n kò lè sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí i tó ń fi ọwọ́ gbá ewé gbígbẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jókòó sí, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀nà jìn, ó máa rẹ ìyá òun tó bá dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Lánlátẹ̀, bí oòrùn bá mú, tí ẹ sì rí ìdí igi kan tó mọ́ tónítóní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà síbẹ̀ sinmi. Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo. Ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà gbá a dè.