Ìlà Kékeré tí Fáìlì Gbá Dànù

Ìdílé oníṣẹ́ awọ ni wọ́n bí Qúdrát sí ní Bẹyẹrúnká, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló wù ú. Òun ló kọ ètò tí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Bẹẹrẹ fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ irú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn.

Nígbà tí ẹ̀dà tuntun èdè tó fi ń kọ ètò jáde, inú rẹ̀ dùn. Tẹ́lẹ̀, bí fáìlì bá ṣe rí lèèyàn á ṣe lò ó. Ẹ̀dà tuntun yìí gbà kéèyàn fi fáìlì ṣe òbí, kó bí ọmọ lára rẹ̀: ọmọ á mọ gbogbo iṣẹ́ òbí, èèyàn á wá kọ́ ọ ní ìwà tirẹ̀. Qúdrát kọ́ tirẹ̀ pé kó máa gbá ìdọ̀tí dànù kó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀: kọ́mà tó ṣìnà, ìlà kékeré tọ́wọ́ akọ̀wé ṣèèṣì tẹ̀. Gbogbo nǹkan mọ́ tónítóní. Wọ́n yìn ín.

Lọ́sàn-án Àlàmísì kan tí Qúdrát wà nílé ìwòsàn náà, wọ́n gbé aboyún kan dé láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Bushrah lorúkọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà, Eunice, wo kọ̀ǹpútà, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ O wá kíá, kò sáyè àyẹ̀wò.

Ìyá Bushrah ké. "Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun! Wọ́n ní tiẹ̀ ṣọ̀wọ́n. O ni, àmọ́ ìlà kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀."

Qúdrát sáré lọ bá Eunice.

"Màmá, ẹ má tíì fà á sí i lára! Èmi ni mo kọ́ fáìlì pé ìdọ̀tí ni ìlà yẹn."

Eunice dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, ó ní kí wọ́n yẹ ti Bushrah wò. Àyẹ̀wò fi hàn pé òótọ́ ni ìyá wí: ìlà náà ló ń fi ẹ̀jẹ̀ O tó ṣọ̀wọ́n, tí kì í gba O lásán, hàn. Mọ́lété ni wọ́n sáré dé kí wọ́n tó rí irú ẹ̀jẹ̀ náà. Bushrah yè, ọmọ rẹ̀ náà yè.

Qúdrát mú ìwà náà kúrò lára fáìlì kó tó jókòó. Ṣùgbọ́n fáìlì kì í tọ́jú ohun tó bá gbá dànù. Kò sí ìlà lẹ́yìn irú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́, kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó ti ní ìlà rí.

"Ṣé wọ́n ti fún àwọn míì lẹ́jẹ̀, Màmá?"

"Wọ́n pọ̀." Eunice rẹ ohùn sílẹ̀. "Irú àṣìṣe yìí lè má ṣe obìnrin ní nǹkan kan lónìí. Oyún tó bá ní lẹ́yìn ìyẹn ló máa ń bá jà."

Wọ́n gbé fóònù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ti gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ti obìnrin kan ní Ọ̀rányàn ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó dún títí, ọkùnrin kan ló gbé e.

"Ìyàwó mi? A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e lọ sọ́sibítù ni. Oyún inú rẹ̀ ń dà á láàmú. Ta ló ń bèèrè?"

Qúdrát ní kó sọ fáwọn dókítà pé kí wọ́n tún irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò kíákíá.