Bí Ulé Òyìnbó Ṣe Gbé Mi Wọ Fíìmù

"Wọ́n ti yàn mí! Màmá, wọ́n ti yàn mí!"

Orí òkè ni mo ti ń pariwo yẹn bọ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Ìyá mi ju ọ̀bẹ tó fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ sílẹ̀.

"Ta ló nà ọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan wà létí dáàmù wa, lọ́nà Ìkọ̀lé. Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan ló kọ́ ọ kí wọ́n tó sé omi. Nígbà tí omi kún, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn rẹ̀ ló kún dé. Ulé Òyìnbó la ń pè é, torí "ulé" la ń pe ilé lọ́dọ̀ wa. Òyìnbó ti lọ tipẹ́, ó wá di ibi tí ìyá mi ń sá èlùbọ́.

Àfi bí bọ́ọ̀sì kan ṣe dé lọ́jọ́ kan, táwọn èèyàn ń rọ́ wọlé. Mo figbe ta: "Ẹ má tẹ èlùbọ́ wa o! Ta lẹ ń wá? Ulé ti ṣófo!"

Ọkùnrin kan tó fi jígí dúdú sójú bú sẹ́rìn-ín. Dírẹ́tọ̀ ni! Ó ní ilé yẹn lòun máa fi ṣe ilé olówó nínú fíìmù òun. "Ọmọ yìí ni ọmọ ọ̀dọ̀ wa. Bó ṣe sọ ọ́ yẹn ni kó sọ ọ́ fún àlejò lọ́la."

Ìyẹn ni mo sáré lọ sọ fún Màmá. Ta ló fẹ́ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà? Mo jókòó ti rédíò, mo ń fara wé obìnrin tó ń ka ìròyìn. Kí n wá máa sọ "ulé" létí gbogbo ayé, èmi tí mo jáde ìwé mẹ́wàá?

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kùn mí ní páńkéèkì, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì fa ìpéǹpéjú mi.

"Ẹ káàbọ̀, àlejò pàtàkì. Ilé ti ṣófo."

"Kọ́ọ̀tì!" Dírẹ́tọ̀ dá wa dúró, ó ṣí jígí kúrò lójú. "Ta nìyí? Ọmọ àná dà?"

"Èmi náà ni, sà."

Mo tún un sọ, ó tún dán ju ti àkọ́kọ́ lọ. Títí, títí. Dírẹ́tọ̀ wo oòrùn, ó wo ọmọbìnrin kan tó wá wòran. "Ẹ̀ẹ̀kan ló kù. Bó ò bá lè sọ ọ́ bíi ti àná, ẹni yẹn á bọ́ síbẹ̀."

Òṣèré gbajúmọ̀ tó ń ṣe àlejò wọ́ agbádá gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ìyá mi ti kọ̀, kò kó èlùbọ́ rẹ̀ tán. Ó ní, "Ṣé àwọn onífíìmù kì í jẹ ọkà ni?" Bàtà òṣèré bá rì sínú èlùbọ́, gbùà! Mo gbàgbé rédíò.

"Hẹ̀ẹ́! Ẹ ti tẹ èlùbọ́ yèyé mi! Ta lẹ ń wá? Ulé ti ṣófo, ẹ padà!"

Mo ní ó parí fún mi.

"Kọ́ọ̀tì! Ó ti wọlé!" Dírẹ́tọ̀ ń fò sókè bí ọmọdé. Òṣèré ń gbọn bàtà: "Ọmọ yìí ò tiẹ̀ bẹ̀rù mi!"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mi ò bọ́jú. Mo gbé korobá lọ síbi ẹ̀rọ omi pẹ̀lú páńkéèkì àná, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ pọn tiwọn kọjá níwájú mi, lọ́kọ̀ọ̀kan.