Ọwọ́ Tí Mo Fi Gbé Ẹ̀gbọ́n Dìde

Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń darí líìgì wa kéde pé àwọn fẹ́ mú ẹgbẹ́ kan láti Ghana àti òmíràn láti Morocco wọnú ìdíje, àwa la kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Gbọ̀ngàn kékeré kan ní Yaba la ti ń ṣèpàdé. A pàtẹ́wọ́ bí ọ̀dẹ̀ ni, torí a ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Ìyókù ọ̀rọ̀ ni pé ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ni líìgì lè gbà. Tí àlejò méjì bá wọlé, onílé méjì á jáde. Ẹgbẹ́ kan ti mọ̀ pé òun ni, torí wọn ò borí ẹnikẹ́ni lọ́dún yẹn. Ìkejì máa jẹ́ ọ̀kan nínú àwa tá à ń lo pápá ilé ìwé kan ní Surulere àti àwọn ará Mushin. A máa pàdé lẹ́ẹ̀kan péré, ẹni tó bá pàdánù á máa lọ sílé.

Rọ́gíbì ni mò ń sọ o, rọ́gíbì ẹlẹ́ni mẹ́tàlá, kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Níbi iṣẹ́ mi ní Yaba, tí wọ́n bá bi mí pé irú eré wo nìyẹn, màá ní eré tí wọ́n ti ń gbé ara wọn lulẹ̀ ni. Wọ́n á ní ṣé ìjàkadì ni. Màá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi mí sílẹ̀.

Kò sí líìgì kejì tá a lè já bọ́ sí. Kóòṣì wa mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Obìnrin ni, olùkọ́ eré ìdárayá ni nílé ìwé tó ni pápá yẹn, Àǹtí la sì máa ń pè é. Òun ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé ti wí fún un lójúkojú pé tá a bá fi lè kúrò nínú líìgì, kíláàsì tuntun ni wọ́n máa kọ́ sórí pápá. Kò bímọ. Mi ò sọ ọ́ láti fi kẹ́dùn fún un, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tí pápá yẹn jẹ́ fún un ni.

Èmi náà ní tèmi. Mo ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, orúnkún mi kan ti ń yọ mí lẹ́nu, mi ò sì tíì wọ bàálù rí. Mo ti gba páásípọ́ọ̀tù, torí ẹgbẹ́ tó bá kù nínú líìgì máa wọ bàálù lọ bá àwọn àlejò náà nílùú wọn. Mo ti ra bàtà àlòkù ní Tejúoṣó, èyí tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi díẹ̀ tóbi ju ọ̀tún lọ, mo ní òun ni màá wọ̀ lọ Morocco.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan tí mò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n wà nínú ẹgbẹ́ Mushin. Iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n ni kó máa na ara mọ́tò tó ti tẹ̀ padà sípò, ó sì fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Ilé kan náà la gbé ní Mushin kí n tó lọ gba yàrá ní Ìwáyà. Yàrá tiwọn ló kọjú sí tiwa. Òun ló kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin yìí lé mi lọ́wọ́, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣubú tí apá ò fi ní kán. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ló wọ inú sàréè lọ láti gba òkú lọ́wọ́ wa. Mi ò pè é lórúkọ rí láyé mi.

Àǹtí mọ̀. Kì í sì í ṣe èmi nìkan ló ń bẹ̀rù fún. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé la pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ wa. Tá a bá ti gbé ẹni tó jù wá lọ lulẹ̀, ká tó mọ̀, a ti sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́ sà", ọwọ́ wa á ti wà lábíyá rẹ̀, a fẹ́ gbé e dìde. Ẹ̀ṣẹ̀ ni nínú rọ́gíbì tiwa. Ẹni tó gbé èèyàn lulẹ̀ gbọ́dọ̀ tú ọwọ́ rẹ̀ kíá, kí onítọ̀hún dá dìde, kó fi ẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Tó o bá ṣì dì í mú, pẹ́nárítì ni. Kò kan rẹfirí bóyá ò ń fà á sókè ni tàbí ò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Àwọn ará Morocco ò mọ Ẹ̀gbọ́n o," ni Àǹtí máa ń wí. "Ẹ gbé e lulẹ̀, ẹ tú ọwọ́, ẹ padà sẹ́yìn."

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe é. Ẹ̀gbọ́n pè mí lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò gbé e. Mi ò ṣe irú rẹ̀ sí i rí. 

Ọ̀sán Sátidé kan tí oòrùn mú gan-an la pàdé, lórí pápá wa. Bí mo ṣe rí Ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo díbọ́n pé okùn bàtà mi ló tú. Ó wá dúró sí iwájú mi gan-an.

"O ò ní kí mi ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Àǹtí ń wò wá.

Mi ò ní rojọ́ gbogbo eré yẹn. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú méjì, àmì mẹ́tàlá ni tiwa, méjìlá ni tiwọn. Ọwọ́ wọn ni bọ́ọ̀lù wà, iwájú òpó wa gan-an ni wọ́n sì wà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n lè gbé èèyàn lulẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ń sáré. Ó ti di ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Mo ń ka ìkarùn-ún yẹn lẹ́nu bí àdúrà. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí. Ọ̀dọ̀ mi ló sì gbà wá.

Mo mú un ní itan méjèèjì. A jọ ṣubú. Ìṣubú tó dáa ni, mo mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi balẹ̀, ó wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ ní etí mi pé, "Yéè, ẹ̀yìn mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà."

Ọwọ́ mi ti wà lábíyá rẹ̀ kí n tó gbọ́ fèrè.

Wọ́n gbá pẹ́nárítì náà, ó wọlé, àmì méjì nìyẹn. Mẹ́rìnlá sí mẹ́tàlá. Kò sẹ́nì kankan nínú ẹgbẹ́ wa tó bú mi. Ì bá sàn tí wọ́n bá bú mi.

Mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n nídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ́jú. Mo bi í pé ẹ̀yìn yẹn ńkọ́. Ó nàró, ara rẹ̀ yá gágá.

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan," ló wí. Ojú rẹ̀ ò sì kúrò lójú mi. "Mo mọ̀ pé o máa gbé mi. Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa nílé. Àbúrò, mo ti lé lógójì. Èmi náà fẹ́ wọ bàálù yẹn."

Inú bí mi gan-an. Èmi tí mi ò pè é lórúkọ rí, mo ti fẹ́ pè é ní "ìwọ". Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi nígbà tí Àǹtí yọ, ó gbé àpò bọ́ọ̀lù wa kọ́ èjìká. Mo mọ̀ látojú rẹ̀ pé gbogbo ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ ló gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n náà mọ̀. Ó na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja níbi tí omi ti rin ilẹ̀, ó ní, "Ẹ kú wàhálà, mà."

Mo ń retí kí Àǹtí gbá a nípàá. Lóòótọ́, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́nì kan nínú àwa mẹ́ta sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"O ṣé o, ọmọ mi," ni Àǹtí wí. "Ọlọ́run á mú yín lọ, á mú yín bọ̀."

Ó sọ ọ́ tán. Ó wá rọra gbé àpò yẹn sílẹ̀, ó jókòó lé e lórí lójú àwa méjèèjì, ó sì bú sẹ́kún.