Etí Tó Mọ Kòkó Gbígbẹ

Máníjà ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Òun ni àbúrò ẹni tó ni ilé ìrakòkó tí mo ti ṣiṣẹ́ nílùú Oǹdó, láìpẹ́ lẹ́yìn tí ìpínlẹ̀ Èkìtì ya kúrò lára ìpínlẹ̀ wa. Títí dòní, bí òórùn kòkó tútù bá fẹ́ sí mi nímú, ojú rẹ̀ ni mo máa ń rí.

Iṣẹ́ mi ni láti yẹ kòkó wò kí a tó rà á. Mo máa ń ti ọwọ́ bọ inú àpò, kí n bu ẹ̀kúnwọ́, kí n sì gbọ̀n ọ́n sétí. Èyí tó gbẹ a dún ṣakaṣaka. Èyí tó tutù a dákẹ́. Ọdún mẹ́rin ni ó gbà kí etí mi tó là sí i. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ti ìlú Bọ́lọ́rundúró wá kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn yẹ tiwọn wò, bí mo tilẹ̀ ń dá wọn padà.

"Bàbá, ẹ lọ sá a sí i, kòkó yín ṣì ń sunkún." Wọn a sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni Máníjà ń ṣọ́. Lójú tirẹ̀, òṣìṣẹ́ tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ti mọ ọ̀nà olè. Lọ́jọ́ tí àgbẹ̀ kan gbé iṣu méjì wá fún mi, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màdáámù, kí lẹ ń ṣe fún wọn tí wọ́n fi ń fún yín níṣu?"

"Òótọ́ ni mo ń sọ fún wọn."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ó lé mi, mo sì padà sílé ní Àkúrẹ́ pẹ̀lú orúkọ olè.

Ẹni mẹ́ta ni ó gbà sípò mi láàárín ìkórè kan ṣoṣo. Bí etí ọ̀kan bá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí là díẹ̀, Máníjà yóò fura sí i, yóò lé e. Wọ́n ra tútù mọ́ gbígbẹ. Kòkó bu nínú àpò, tirela sì kó o padà láti èbúté tí wọ́n ti kọ̀ ọ́. Àwọn àgbẹ̀ wá ẹlòmíràn tà fún. Olè tó ń wá kò sí nílé. Lílé tó ń lé wa gan-an ni ó ń kó ilé náà lọ. Ohun tó wà ní etí ènìyàn kò ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tí Máníjà gbé àpò kòkó kan wá bá mi ní Àkúrẹ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, bóyá ó mú ọlọ́pàá wá. Ìfura ni gbogbo ohun tí mo rí kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. N kò ní kó jókòó. Ó lóṣòó ti àpò náà, ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó gbọ̀n ọ́n sétí ara rẹ̀, ó wá gbójú sókè sí mi.

"Mà, mo ti gbọ̀n ọ́n títí, n ò mọ ohun tí mò ń gbọ́. Ẹ dákun, ẹ bá mi gbọ́ ọ."