Àwo Búlúù Ṣamiram

Ní àdúgbò wa ní ìlú Kamiṣlo, a kì í dá àwo aládùúgbò padà lófìfo, àfi ilé tí wọ́n bá ti ń ṣọ̀fọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ará Ásíríà ni Ṣamiram, aránṣọ ilé kejì. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó gbogbo wa, àti Kọ́ọ̀dù, àti Lárúbáwá, àti Àméníà. Èdè wọn, tí wọ́n ní Jésù náà sọ, ló fi ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ búni, èdè àwa Kọ́ọ̀dù ló ń lò. Ó ní òun ò fẹ́ kí Jésù gbọ́.

Lọ́dún Àjíǹde kan, ó fi àwo búlúù rẹ̀ gbé ẹyin tó pa láró pupa àti bisikíìtì onídábínù ránṣẹ́ sí mi. Inú ń bí mi sí i, torí ó fọ òrùlé ilé rẹ̀ tó tẹ́jú, omi ìdọ̀tí sì dà sórí aṣọ tí mo sá. Mo jẹ gbogbo rẹ̀ tán, mo dá àwo padà lófìfo.

Kíá ló sáré dé. “Nazdar, ọ̀rẹ́ mi, ta ló kú?”

Ẹ̀rù àtisọ òótọ́ bà mí. Mo ní, “Àǹtí mi Besê ni.”

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń se oúnjẹ wá, tó ń bá mi sunkún. Èmi náà ń sunkún, aláìnítìjú!

Ó ti kó lọ sí Súwídìn báyìí. Lánàá, ó pè mí: “Mo tan àbẹ́là fún Àǹtí Besê bí mo ṣe ń ṣe lọ́dọọdún.”

Mo ní, “O ṣé.” Àǹtí Besê jókòó tì mí, ó ń mu tíì.

“Ta nìyẹn?” ló bi mí.