Ààwẹ̀ Tí Yèyé Gbà Nítorí Mojírádé

Kí oòrùn tó yọ ni Mojírádé, olùkọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́, ti máa ń sáré yí pápá ilé-ìwé ká. Victor, tó ń kọ́ ọ ní eré ìdárayá, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa ní, "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan sí i, mà." Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ni Victor ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù. Dókítà ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru Mojírádé ti pọ̀ jù, kó fọn díẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní òun á dá a ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ó ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ká má purọ́, owó Victor kò wọgbó. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, aṣọ àtijọ́ sì ń jábọ́ léjìká rẹ̀.

Irọ́ tó pa ni kò jẹ́ kó gbádùn rẹ̀. Yèyé, ìyá rẹ̀ tó ń dáko iṣu ní Ìṣẹ́, ló pè é pé kó fi owó alágbàṣe ránṣẹ́, kí wọ́n bá òun ro oko. Mojírádé ní ìjọba kò tí ì sanwó oṣù. Ó purọ́. Owó ti wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, Victor ló fẹ́ san án fún. Yèyé kò bínú. Wọ́n ní, "Kò burú, màá rọra ro ó."

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó wọkọ̀ lọ sí Ìṣẹ́. Ó bá Yèyé, wọ́n ti rù kan eegun.

"Yèyé, kí ló ṣe yín?"

"Ààwẹ̀ ni. Bísí aládùúgbò mi rí ọ lọ́jà, ó ní o ti gbẹ. Mo ní ebi ló ń pa ọmọ mi. Mo wá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé n kò ní í jẹun ọ̀sán títí ìjọba á fi sanwó. Wọlé, mo ti gún uyán fún ọ."

Wọ́n gbé iyán síwájú rẹ̀, wọ́n dúró tì í kó jẹ ẹ́. Ojú ti Mojírádé débi pé ó kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"O ń sanwó kí o lè rù?" ni Yèyé bi í.

"Dókítà ló ní kí n fọn, mà."

"Ara wá le?"

"Ó le, mà."

"Má fi í sílẹ̀ nígbà náà. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n sanwó oṣù?"

Mojírádé kò lè gbójú sókè. "Ọjọ́ tí ẹ pè mí, mà."

Yèyé bu omi, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ọ̀sán.